Òótọ́ Tí A Sọ ní Gbangba: Ìlera àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Mùṣín, Sùúrùlérè àti Yábàá

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí kò sọ pé òótọ́ kò níye lórí. Ohun tí ó ń kọ́ ni ni pé ẹni tí ó bá gbé òótọ́ lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ múra láti jókòó tì í pẹ́, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í tètè dé. Bí ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí, bí kò ṣe pé àwọn tí wọ́n fi ìmọ̀ náà lọ ará ìlú san owó rẹ̀ kí ọjà náà tó tà.

Bí a bá ń sọ ìtàn bí a ṣe la aráyé lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ojú a máa yára lọ sí Geneva àti New York, níbi tí àwọn àjọ àgbáyé ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n apá kan tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà wáyé nítòsí, ní apá Èkó tí ó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Ìdí-Àràbà ni ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó wà. Ìdí-Orò, ní ojú ọ̀nà mọ́tò Agége, kò jìnnà sí i. Ní ibi méjèèjì yìí ni ọmọ ìyá méjì ti ṣe iṣẹ́ dókítà: Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀ Ransome-Kuti. Ọ̀kan di gbajúmọ̀ nípa ìlera àwọn ọmọdé, èkejì nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn méjèèjì, a ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ìmọ̀ nípa ìlera kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí a bá ti ń tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ kò lè wúlò fún ẹni tí a fi òótọ́ nípa ara rẹ̀ pamọ́ fún.

Ilé Olùkọ́

Ilé olùkọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931, òun kan náà sì ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Olùkọ́ ni aya rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, pẹ̀lú. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ a-b-d lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lè ka ìwé owó-orí rẹ̀ yóò béèrè ohun tí a ń fi owó náà ṣe. Láti inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti gbérí, ìjà wọn lórí owó-orí sì ni ó mú kí Aláké Adémọlá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Àkókò tí ìjà yìí ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé. Òfin tí ó gbé Àjọ Ìlera Àgbáyé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1948. Ó sọ ọ́ di mímọ̀ pé ìlera tí ó péye jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn, láìka ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ipò sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, abala 25 rẹ̀ sì ka oúnjẹ, ilé àti ìtọ́jú aláìsàn mọ́ ohun tí ó tọ́ sí ènìyàn. Ilẹ̀ Áfíríkà náà kọ tirẹ̀ ní ọdún 1981; ìlera wà ní abala 16 ìwé náà, Nàìjíríà sì sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ ní 1983. Àwọn ìwé wọ̀nyí dára. Síbẹ̀, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò dúró dè wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé ènìyàn ni àwọn.

Ìdí-Àràbà àti Gbájà

Olíkóyè, tí a bí ní ọdún 1927, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Dublin, ó sì yan ìtọ́jú àwọn ọmọdé láàyò. Ìdí-Àràbà ni ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn àrùn tí ó ń pa ọmọdé jù lọ ní Nàìjíríà kì í ṣe àrùn àjèjì: ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, ikọ́ ni, àìjẹunkánú ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè dènà ní ilé, kí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n wá sí ilé-ìwòsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí i pé bí a bá kọ́ ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́wàá mìíràn, tí ìyá kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ní òru tí ara ọmọ gbóná, ikú kò ní ṣíwọ́.

Nítorí náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé iṣẹ́ jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ sí Òpópónà Gbájà ní Sùúrùlérè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní bí wọn yóò ṣe máa yẹ ọmọ wò, kí wọ́n máa tọ́jú àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀, kí wọ́n sì máa bá ìyá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, láìjẹ́ pé dókítà dúró tì wọ́n. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, tí wọ́n kéde ètò ìlera alábọ́dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ìlera yóò fi kárí, ohun tí wọ́n sọ kò ṣàjèjì sí Sùúrùlérè.

Ní ọdún 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè di Mínísítà fún ètò ìlera. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àwòṣe ètò ìlera alábọ́dé ní 1986, ìlànà ìlera fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì jáde ní 1988. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá rántí ju ìlànà lọ ni omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọn kò fi òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ kọ́ ìyá. Ìgò bíà ńlá kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n fi wọn omi, ṣíbí ìmutíì ni wọ́n sì fi wọn iyọ̀ àti ṣúgà. Ohun tí ó wà ní ilé ìyá ni wọ́n fi la ìyá lọ́yẹ̀. Bákan náà ni ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára gba orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọ inú ilé. Iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó sì ṣeni láàánú pé lẹ́yìn tí ó kúrò ní ipò, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, iye náà tún já wálẹ̀.

Iná Ìdí-Orò

Àbúrò rẹ̀, Bẹ́kọ̀, gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Manchester ní ọdún 1963. Ó padà wálé, ó sì ṣí ilé-ìwòsàn sí ojú ọ̀nà mọ́tò Agége, ní àárín àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò kéékèèké Mùṣín. Ọgbà kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fẹlá, olórin, ń gbé, tí ó sì sọ ilé náà ní Kalakuta.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun ya bo ọgbà náà. Wọ́n na ọkùnrin, wọ́n hùwà ìkà sí obìnrin, wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé-ìwòsàn Bẹ́kọ̀ jóná pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Wọ́n ju ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, tí ó ti lé ní ẹni ọdún 75, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọmọ ogun kan tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà. Fẹlá fi ọ̀rọ̀ yìí pe orúkọ àwo orin kan tí ó gbé jáde ní 1979, Unknown Soldier.

Ẹbí náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 1985. Wọ́n pàdánù, nítorí òfin àtijọ́ kan tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tí kò gbà kí a pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí àìdáa tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Síbẹ̀, nínú ìdájọ́ náà ni Adájọ́ Káyọ̀dé Èsó ti ṣàlàyé pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó ga ju òfin lásán lọ, tí ó sì ti wà kí ìjọba tó wà. Àwọn agbẹjọ́rò àti adájọ́ Nàìjíríà ń tọ́ka sí àlàyé yìí títí di òní. Ẹbí náà kò rí owó gbà bọ̀ ní ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè rí ọ̀rọ̀ tí ó ń lò.

Ọmọ Ìyá Méjì, Ọ̀nà Méjì

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, Ọ̀gágun Sani Abacha ka ìkéde ìfipágbàjọba lórí rédíò. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí ó fi kan ìjọba alágbádá ni pé àwọn ilé-ìwòsàn ti di ibi tí a kàn ti ń wo aláìsàn lójú, láìsí oògùn, láìsí omi, láìsí irinṣẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà rí i pé nǹkan kò yí padà lábẹ́ àwọn ológun, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ wọn ní 1985, wọ́n sì fi Bẹ́kọ̀, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, sí àtìmọ́lé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀sùn lẹ́nu ológun di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu dókítà.

Ní ọdún 1985 kan náà ni ìjọba ológun mìíràn, ti Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, fi Olíkóyè ṣe mínísítà. Nígbà náà ni ọ̀nà àwọn ọmọ ìyá méjèèjì yà. Ní 1987, àwọn agbẹjọ́rò bí Olisa Agbakoba àti Clement Nwankwo dá Civil Liberties Organisation sílẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Sùúrùlérè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé tí ẹgbẹ́ yìí tẹ̀ jáde ní 1991 nípa àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n fi hàn pé àìsàn, ebi àti híhá mọ́ra ń fìyà jẹ àwọn tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Ní 1989, Bẹ́kọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 1992, ìjọba tí ẹ̀gbọ́n ń bá ṣiṣẹ́ mú àbúrò, ó sì jù ú sí àtìmọ́lé.

Ìbéèrè tí ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ni pé: ta ni ó ṣe é re nínú àwọn méjèèjì? Àwọn kan wí pé ẹni tí ó bá bá ológun jẹun nínú àwo kan náà ti fi ọwọ́ sí ìwà wọn. Àwọn mìíràn wí pé ọmọ tí ó ń kú lọ kò lè dúró de ìjọba alágbádá kí ó tó gba abẹ́rẹ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò tí ó lè mú un dúró nígbà tí ìjọba tí kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè bá yí ojú sí ibòmíràn. Ohun tí àbúrò ń jà fún, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti béèrè, ni gbòǹgbò náà.

Ní ọdún 1995, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun sọ Bẹ́kọ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére, tí wọ́n dín kù sí ọdún 15 lẹ́yìn náà. Kí ni ó ṣe? Wọ́n ní ó tan ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ológun tí a ń dá lẹ́jọ́ ní ìkọ̀kọ̀ fi gbèjà ara rẹ̀ kálẹ̀, kí aráyé lè gbọ́. Ìyẹn ni pé sísọ òótọ́ ní gbangba ni ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí àléfà nígbà náà ni Sani Abacha, ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwòsàn lórí rédíò ní 1983.

Ọjọ́ 3 Oṣù Kẹjọ Ọdún 1997

Ní ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde pé àrùn éèdì ti wọ Nàìjíríà. Àìgbàgbọ́ pọ̀. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni, àwọn mìíràn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1991, ìpín 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kòkòrò HIV. Ní 1993, ó di 3.8. Àrùn náà ń rìn ní kọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì ń sin òkú wọn láìdárúkọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá kú ní Èkó. Ẹni ọdún 58 ni. Kò gba oògùn òyìnbó gbọ́, ó sì ti bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ éèdì àti rọ́bà ìdáàbòbò nígbà ayé rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Katsina ni Bẹ́kọ̀ wà nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn jọ. Bí ó bá sọ pé àìsàn ráńpẹ́ ni, tàbí pé ọkàn ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ láìfi bò pé àrùn éèdì ni ó fa ikú àbúrò òun.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ni, ó yẹ kí a rántí bí ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe. A kì í tú àṣírí òkú. Bí ẹnìkan bá kú, a ó ní ó sùn. A kì í ka àrùn rẹ̀ sójú ọjà, pàápàá àrùn tí àwọn ènìyàn so mọ́ ìṣekúṣe. Àwọn olólùfẹ́ Fẹlá kan kò gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn bínú pé ẹ̀gbọ́n dójú ti àbúrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mọ gbogbo èyí. Ó gbé ìtìjú ilé rẹ̀ lé orí ìwọ̀n kan, ó gbé ẹ̀mí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn Fẹlá lé èkejì, ó sì rí èyí tí ó wúwo jù. Nígbà tí wọ́n sin Fẹlá ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 12 oṣù náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé òun kò mọ ẹni tí éèdì pa.

Orúkọ Àrùn àti Orúkọ Ènìyàn

Èdè náà kó ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí olùkọ́ Yorùbá kíyè sí i. Éèdì tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ èèdì, tí í ṣe ohun tí a ń di ènìyàn tí yóò fi máa hùwà tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ó rọrùn fún àwọn kan láti rò pé ọwọ́ ayé ni. Orúkọ kejì, àrùn kògbóògùn, tilẹ̀ tún burú jù: ó sọ fún aláìsàn pé kó má wulẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Orúkọ náà bá ìgbà tí a sọ ọ́ mu. Ṣùgbọ́n láti 2002 ni ìjọba ti ń pèsè oògùn tí ó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba, Ilé-Ìwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ní Yábàá sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń fún aláìsàn. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé. Àrùn náà ti ń gbóògùn, orúkọ ni kò tíì gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó jẹ́ òdìkejì ìkéde 1997. Ní ọdún 1995, ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó yẹ ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ kan wò láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ní HIV, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó pẹjọ́ ní 2000. Ní 2001, adájọ́ kan ní kò gbọdọ̀ wọ inú ilé-ẹjọ́ wá jẹ́rìí àfi bí onímọ̀ bá lè fi hàn pé kò ní kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ní 2012, lẹ́yìn ọdún méjìlá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ní 2014 ni òfin àpapọ̀ jáde tí ó de ẹ̀tanú sí ẹni tí ó ní kòkòrò náà.

Níbí ni ìyàtọ̀ wà tí kò yẹ kí ó rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Olíkóyè sọ òótọ́ ilé ara rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè yè. Àwọn tí ó lé nọ́ọ̀sì náà gba àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe é níkà. Òótọ́ kan ń tú ni sílẹ̀, èkejì ń dè ni. Níbi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ta ni yóò lọ fún àyẹ̀wò?

Ebola tún fi èyí hàn ní oṣù keje ọdún 2014. Ilé-ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá ni wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ. Èké kọ́kọ́ sáré ju òótọ́ lọ: ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ẹnìkan tí a ń ṣọ́ sá kúrò ní Èkó, ó sì gbé àrùn náà dé Port Harcourt. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ ipasẹ̀ nǹkan bí 900 ènìyàn tí ó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 20 ni ó ní in, mẹ́jọ sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí a fọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ ni ó dúró kí a máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀rù bà ni ó sá.

Àgbálọgbábọ̀

Bẹ́kọ̀ jáde ní ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1998, lẹ́yìn ikú Abacha. Olíkóyè kú ní 2003, Bẹ́kọ̀ tẹ̀ lé e ní 2006. Iye àwọn tí ó ní HIV láàárín àwọn aboyún tí a yẹ̀ wò ga títí dé ìpín 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2001, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìwádìí ńlá tí a ṣe ní 2018 láàárín àwọn àgbàlagbà rí ìpín 1.4. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni ó ṣe èyí. Oògùn wà níbẹ̀, owó àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí a kò mọ orúkọ wọn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá lè pe àrùn náà ní orúkọ.

Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ìyá tí a kọ́ ní bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà, ẹlẹ́wọ̀n tí a kò tíì dá lẹ́bi, nọ́ọ̀sì tí a lé lẹ́nu iṣẹ́, olórin tí a sin ní Ìkẹjà: ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Òótọ́ ti wà lọ́jà láti ìgbà tí Fúnmiláyọ̀ ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀; ọwọ́ olùkọ́ náà ni ó sì wà láti rí i pé kò kùtà.